Gílóòbù Tó Pọ́n Ìyá Rẹ Lójú

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ tuntun tí o bẹ̀rẹ̀ yìí, yóò tù ọ́ lára, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ láìnídìí, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní fi ẹnu rere kí ọ kí wọ́n tún fi ẹnu burúkú ròyìn rẹ. Láìpẹ́ wọn yóò fún ọ ní ìwé pé o ti di tiwọn pátápátá. Ìyá rẹ jókòó tì mí níhìn-ín, ó ti ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ó wá ní kí n bi ọ́ bóyá oúnjẹ gidi lò ń jẹ lọ́sàn-án tàbí bisikíìtì lo tún ń jẹ kiri bíi ti ìgbà tí o wà ní ilé-ìwé.

Àwa náà ń bẹ. Ibi tó ń jò ní ẹ̀yìnkùlé, a ti fi páànù tuntun bò ó. Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, láti ìgbà náà kì í fi ẹnu kí ènìyàn mọ́, orí ló ń mì síni, ó ní òun kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. Èmi kò bá a jà, mo ń mi orí tèmi náà sí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn gílóòbù tí o wá dè sílé wa ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. A dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá. Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, mi ò mọ̀ bóyá òwe náà bá àgbàlagbà wí, ṣùgbọ́n mo ti dúpẹ́ ná. Ó wá ku àwọn nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ kí o bá àwọn tó ṣe é sọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, gílóòbù yìí kò gbóná. O rántí bí a ṣe máa ń fi àwọn òròmọdìẹ sínú páálí, tí a ó so gílóòbù lé wọn lórí kí òtútù má pa wọ́n. Mo so èyí tuntun lé wọn lórí, mo lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bá wọn tí wọ́n gun ara wọn lórí, tí wọ́n ń gbọ̀n, ojú tí wọ́n sì fi ń wò mí kò dáa. Mo pe oníṣẹ́ iná tó bá ọ fa wáyà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí, pé iná tí ti àtijọ́ ń fi ṣe ooru lásán, ìmọ́lẹ̀ ni èyí ń fi í ṣe, ìdí nìyẹn tí owó iná wa fi já wálẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òròmọdìẹ kì í san owó iná. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi wá gílóòbù àtijọ́ kan, wọ́n ti ń jẹun báyìí.

Èyí tí o dè síta ńkọ́, tó máa ń tan fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kọjá? Kò mọ àgbà yàtọ̀. Ewúrẹ́ télọ̀ á máa kọjá lọ, yóò tanná fún un wàá, ewúrẹ́ náà ti wá ń rìn bí ìyàwó olówó. Èmi tí mo nilé, tí mo jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga mi, ṣe ló ń pa iná mọ́ mi lórí. Àfi kí n máa ju apá bí ẹni tó ń lé eṣinṣin kó tó gbà pé mo ṣì wà láyé. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá jókòó.

O tún sọ pé o lè wà níbi tí o wà kí o fi fóònù tan iná yàrá wa. A yìn ọ́, orí rẹ pé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kí o tó tan án, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ pè wá, kí a lè wọ aṣọ.

Mo ka ara páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò lò kó tó bàjẹ́. Mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo wò ó títí. Gbogbo gílóòbù tí mo ti rà láyé mi, èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn wọn. Mo bi ìyá rẹ pé ta ni yóò pààrọ̀ èyí lọ́jọ́ tó bá jó tán, ó ní kí n gbàdúrà kí n yé ka ọdún.

Ẹjọ́ tó tóbi jù wá kù, ọ̀rọ̀ rìmóòtù tí o fún wa láti máa fi dín iná gílóòbù kù tàbí fi kún un ni. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, ìyá rẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan án. Etí ìró rẹ̀ ló so ó mọ́. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́ báyìí, yóò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, iná yóò di bàìbàì, mi ò ní rí ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ mi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ náà ń gún òun lójú. Mo ní ṣé kí a wá lọ gbé àtùpà àtijọ́ jáde ni, ó tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan tó lọ wẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀ sórí ibùsùn, mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ títí dé òkè pátápátá. Ìyá rẹ wọlé. Ọmọ mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Funfun ẹyinjú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Mo sáré wo tèmi nínú dígí, funfun ni mo bá a. Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní gílóòbù ló fà á, pé iná pupa ni, ó máa ń kun ènìyàn lójú. Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ jù mí lọ nínú irú nǹkan báwọ̀nyí, nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, bá wa wá gílóòbù mìíràn, funfun ni kí o rà, èyí tí kò ní máa pọ́n ìyá rẹ lójú.

Mo ti ka ibi tí mo dé fún un báyìí. Ó rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ ojú ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò.

Ọmọ mi, má tíì ká lẹ́tà náà. Ọjọ́ mìíràn nìyí, inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo wà, lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ìyá rẹ rò pé ṣòkòtò mi ni mo wá gbà. Ohun tí mo kọ sókè nípa gílóòbù tó ń pọ́n ènìyàn lójú, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Mi ò lè dúró de tìrẹ ni mo ṣe ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná, pé kó wá bá mi yọ iná pupa náà. Ó dé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ní kí Màmá fún òun ní rìmóòtù. Àlejò ni, ìyá rẹ kò rí bí yóò ṣe kọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, iná funfun báláú. Ó tún un tẹ̀, ó rẹ̀ díẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó pupa bí iná àtùpà. Ó ní gílóòbù kan náà ni, àwọ̀ mẹ́ta ló ní, èyí tó bá wuni lèèyàn ń lò. Ó wá dá a padà sórí funfun, ó gbé e sókè dé òpin. Ògiri funfun. Abọ́ tánganran funfun. Irungbọ̀n mi funfun, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi gílóòbù. Ojú ìyá rẹ nìkan ni kò yí padà, ó pọ́n bíi pupa ẹyin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà sì pọ́n.

O mọ̀ pé aláwàdà ni oníṣẹ́ iná. Kò ṣe àwàdà kankan. Ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀ bí ẹni tó rò pé òun ló ṣì í tẹ̀, ó wo ìyá rẹ, ó wo ilẹ̀, ó rọra gbé rìmóòtù sórí tábìlì. Ó ní, "Bàbá, gílóòbù yìí ò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó sínú oòrùn lọ́la, kí ẹ tún wò wọ́n."

Nígbà tí oòrùn yọ, mo gbé àga sí àgbàlá, mo ní kí ìyá rẹ jókòó. Oòrùn kò ní bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ wálẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí lábẹ́ gílóòbù ló rí níbẹ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ọjọ́ tí o de gílóòbù náà gan-an ni, nígbà tó tàn tí èmi àtìwọ ń pàtẹ́wọ́, òun wo ọwọ́ ara òun, òun lọ wo dígí, ẹ̀rù sì ba òun. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò tíì fún ọ níwèé, bí o bá gbọ́ o ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sáré wálé. Ló bá mú rìmóòtù pamọ́. Nígbà tí a ń lo gílóòbù àtijọ́, gbogbo wa la pọ́n lálẹ́, ta ni ìbá mọ̀?

Wọ́n ní ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí. Wúrà ń pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, jígí wà nílé, ọ̀rọ̀ ẹja inú ọbẹ̀ ló ń bá wúrà jà sí. Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀, mi ò rí.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó béèrè bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí, ó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, pé ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ òróòro, òun kò lè dá a mọ̀. Ó ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Mo ní ṣé wọn yóò tanná sínú ìyàwó mi ni, ó ní rárá, ohùn ni wọ́n fi ń yà á. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Láyé tí iná kì í gbóná mọ́, ohùn náà lè ya àwòrán. Ó ní ó ṣeé tọ́jú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan tí à ń fi dọ́la.

Ìyá rẹ ní òun kò lọ. Ó ní ó dìgbà tí wọ́n bá fún ọ níwèé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ló kọ sí mi. Ó tún mú mi búra pé mi ò ní pè ọ́ lórí fóònù. Mi ò pè ọ́. Kò sọ pé kí n má kọ̀wé, nítorí ó ti gbọ́ pé gílóòbù ló wà nínú ìwé náà.

Mo fẹ́ tọrọ owó, o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í lọ láìtọrọ nǹkan. Owó ọkọ̀ àti owó àwòrán inú ni. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí fóònù, má gba báńkì, ìgbà tí o fi èyí tó kọjá ránṣẹ́ wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé e, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà báńkì títí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé e padà. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá. Tèmi ni kò gbọ́, kò ní lè sọ fún ọ pé òun kò lọ.

Bí o bá dé, má sọ pé mo sọ nǹkan kan fún ọ. Ra gílóòbù kan dání, kí o ní òun lo wá pààrọ̀. Jókòó kọjú sí i, kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa, o ó rí i fúnra rẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún ọ. Èmi yóò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà.

Kí ojú má pọ́n wa, gbogbo ayé ló ń gba àdúrà yẹn, láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí i láìmọ̀ pé ojú tó wà lórí ènìyàn náà wà nínú rẹ̀. Ojú ìyá rẹ kò ní pọ́n pẹ́. Ojú kò ní pọ́n ìwọ náà níbi iṣẹ́ rẹ. Ọ̀nà tí o máa gbà wálé yóò là fún ọ. Bí o bá ti ṣe àmín tán, dìde.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.