Àforíjì Tí Bàbá Fi Rán Obìnrin Inú Fóònù

Láti ọ̀dọ̀ Ẹni Ọ̀wọ̀ Jùlọ, Bíṣọ́ọ̀bù gbogbo agbègbè yìí àti ẹ̀yìn odi rẹ̀, ẹni tó ń fi ọ̀pá fàdákà rìn. Sí ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé nílùú ńlá. A pàṣẹ fún ọ pé kí o jókòó, kí o ka ìwé yìí dé ìparí.

Ó dáa, ọmọ mi, o ti tú u. Èmi bàbá rẹ ni. Lẹ́tà méjì tí mo fi orúkọ ara mi ránṣẹ́, o dá méjèèjì padà láìtú wọn, ni mo bá yá orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù lò, torí ta ló máa dá ìwé Bíṣọ́ọ̀bù padà? Olúwa á dárí jì mí, àsìkò ìdáríjì la kúkú wà.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn kò tíì gé ọ níka? Olúwa tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Àwa náà wà, à ń mí. Orúnkún mi ti ń dún ju agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lù lọ, bí mo bá fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta màá jókòó sinmi, àwọn ará ìjọ á rò pé ìsìn ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ, Odídẹrẹ́, ṣì ń sín gbogbo èèyàn jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn pásítọ̀ pe àwọn akọrin láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbogbo wọn dìde dúró. Mo fẹ́ nà án, ó rẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyí. Ó di Kérésìmesì méjì tí o kò wálé. Awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá sọ́dọ̀ wa ló jíṣẹ́ rẹ, pé èmi ni mo sọ fún ọ lórí fóònù pé o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́. Mo ronú títí, mi ò rántí ìgbà tí mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mo sì ń gbàgbé nǹkan. O ní ohùn mi lo gbọ́, ta ni ì bá wá jí ohùn mi lò?

Nígbà tí àsìkò Dídé Olúwa wọlé, tí wọ́n tan àbẹ́là àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbá yàrá rẹ, mo kun ilẹ̀kùn, mo ní mo ti múra sílẹ̀. Pásítọ̀ yà kí mi, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní Bàbá Alágogo, ẹ kùn ún dáadáa, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó máa gba ibẹ̀ wọlé? Ó ní kì í ṣe ọmọ tuntun inú ibùjẹ ẹran nìkan là ń retí, Ẹni tó máa bi wá léèrè ohun tí a ti ṣe síra wa náà ni. Ó ní ìrònúpìwàdà kì í ṣe ká sunkún kí ojú wú, pé ká yí padà, ká rìn lọ bá ẹni tí a ṣẹ̀ ni.

Ni mo bá pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Òyìnbó ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù, mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ ni àbí akọ̀wé rẹ. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo ní kó sọ fún ọ pé bàbá rẹ jẹ̀bi, kó o má bínú. Ó gé e mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà àbẹ́là kejì mo tún pè, òun náà ló gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, mo ní obìnrin yìí kì í yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Lánàá tí wọ́n tan ìkẹta, mo bọ́ fìlà kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ṣé kò jíṣẹ́ fún ọ ni? Bóyá mo ti ṣẹ òun náà, kó dárí jì mí.

Owó kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, owó ọkọ̀. Má fi ránṣẹ́ o. Awakọ̀ ni kó o kó o fún, kó o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó gbé ọ wálé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ọ̀dà ilẹ̀kùn ti gbẹ.

Bùrọ̀dá mi, Bíṣọ́ọ̀bù kọ́, Bàbá kọ́. Èmi Odídẹrẹ́ ni. Bàbá kò mọ̀ pé mò ń kọ ìwé yìí sí yín. Wọ́n wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rẹ̀ wọ́n débi pé wọn kì í pè mí wá kọ̀wé mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún obìnrin inú fóònù yẹn ni mo gbọ́ tí mo kó jọ, mi ò sì tíì lè sọ fún wọn pé kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, pé ẹ ti pa láìnì fóònù yẹn tì. Lọ́jọ́ tí ẹ pè, Bàbá wà nídìí agogo, fóònù wọn wà lórí tábìlì. Ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jọ ti Bàbá, ni mo bá gbé e, mo fi ohùn wọn sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé mọ́. Mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn pa fóònù. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbọ́ tí wọ́n tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n tó tan àbẹ́là kẹrin, màá dúró níwájú Bàbá, màá sọ ọ́ fún wọn ní ohùn ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn máa nà mí, ẹ má gbà mí sílẹ̀.