Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Máa Ń Fò

                                                            Kèrè,
                                                            Dassa-Zoumè,
                                                            Orílẹ̀-èdè Benin.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Christelle, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Séraphin ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Mo kí ẹ kú ooru Cotonou. Ní tiwa, ọyẹ́ ti dé sórí òkè, ètè gbogbo wa ti ń bó, a sì ń dúpẹ́ pé a wà láàyè. O ti gbọ́ lórí tẹlifóònù pé a ti sin Bàbá Évariste, Mẹ́tìrì wa, olùkọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Àmọ́ bí ó ṣe lọ gan-an kò ṣeé sọ lórí tẹlifóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Ṣé o rántí àwo orin àtijọ́ tí Mẹ́tìrì fi kọ́ wa ní orin ìsìnkú èdè Látìn, èyí tí fadá kan fún wọn nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀? Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e gba ọ̀nà olókùúta wa, kó sì tó délé, ó ti họ. Ibì kan wà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ máa ń fò. Àwa náà ń fò ó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀, àfi ìgbà tí o fi orin kan náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù mi.

Kí n má purọ́, inú kọ́kọ́ bí mi sí tuntun yẹn. Ó yá jù, bí ẹni tí òjò ń lé. Ti àtijọ́ ń ta pàrà pàrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń rọra lọ bí àwọn tó gbé òkú. Àmọ́ tuntun náà mọ́ débi pé mo ń gbọ́ bí àwọn akọrin ṣe ń mí kí wọ́n tó lanu. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ apá tí a kò mọ̀: ohùn àwọn obìnrin nìkan, láìsí ohun èlò kankan, kí àwọn ọkùnrin tó wọlé. Omi bọ́ lójú mi.

Mo gbé e lọ bá Mẹ́tìrì lórí ibùsùn àìsàn. Ẹ̀rù ń bà mí, torí gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi kọ́ èèyàn ní orin yìí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ah bon, àṣé bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Marlène, ẹ kọ́ ọ. Òun ni kí ẹ fi sin mí." Mo ṣèlérí. O bi mí bóyá ohun tí o fi ránṣẹ́ ló bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ kí wọ́n tó kú. Rárá o. Inú wọn dùn ju tèmi lọ.

Ìyàwó wọn, Ìyá Antoinette, tó máa ń ṣáájú ohùn àwa obìnrin, ni kò gbà. Wọ́n ní ohun tí ọkọ àwọn kọ́ àwọn làwọn mọ̀, àwọn ò ní fetí sí tẹlifóònù ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti ń kọ́ apá yẹn, wọn á dìde, wọn á bọ́ síta. Ta ló máa bá opó jà?

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi ni mo dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí a dé apá yẹn, gbogbo obìnrin ń wo ọwọ́ mi, àmọ́ Ìyá Antoinette dijú, wọ́n sì fò ó bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ohùn wọn nìkan ló ti bọ́ sí apá tó tẹ̀lé e. Mo ti ṣèlérí fún òkú, opó rẹ̀ ló sì wà níwájú mi yìí. Ta ni ǹ bá fi sílẹ̀? Mo yí ọwọ́ padà, gbogbo wa tẹ̀lé wọn. Ó dùn mí, Christelle. Ó ṣì ń dùn mí.

Lánàá, Ìyá Antoinette wá sílé mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohun tí ọkọ àwọn gbọ́ kó tó lọ. Mo ṣí i fún wọn. Wọ́n bi mí ohun tí Mẹ́tìrì sọ nígbà tó gbọ́ ọ. Mo ní wọ́n ní kí n tún un ṣe. Wọ́n ní kí n tún un ṣe fún àwọn náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn.

Máàsì ìrántí Mẹ́tìrì yóò wáyé kí Kérésì tó dé, ibẹ̀ la ó ti kọ ọ́ délẹ̀. Jọ̀ọ́, wá sílé. Bá mi kí gbogbo ará ilé rẹ. Ìyá Antoinette náà kí ẹ, wọ́n ní kí o má ṣe fi ohùn rẹ sílẹ̀ sí Cotonou.

Èmi ni, tìrẹ títí ayé,

Marlène