Ewúrẹ́ Bàbá Kọ́ Ló Jẹ Igi Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ewúrẹ́ kan ti kú nítorí irọ́ mi, iṣẹ́ bàbá tó ni ín sì ti fẹ́ bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi, ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọbìnrin ni mí, yunifásítì ni mo wà, IT ló gbé mi dé abúlé kan létí ọ̀sà lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó. Iṣẹ́ wa ni ká tún igi ẹ̀gbà gbìn sétí omi, torí àwọn èèyàn ti gé e dáná tán, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú, abẹ́ rẹ̀ lẹja ń bímọ sí. Ilé bàbá tó ń bá wa ṣọ́ igi yìí ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbin ìpín tèmi, Bàbá ní kí n wọnú ẹrẹ̀ lọ dáadáa, pé tí ọyẹ́ bá dé, omi kì í dé òkè níbi tí mo dúró sí. Mo gbọ́ o... àmọ́ ẹrẹ̀ yẹn ń muni dé itan, akàn ń rìn lórí ẹsẹ̀ mi, èmi ọmọ Ìbàdàn tí ò rí ọ̀sà rí! Òkè yẹn náà ni mo gbin gbogbo ẹ̀ sí, mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ẹrẹ̀ ni.

Ọyẹ́ dé, igi ń gbẹ, ọ̀gá wa sì ń bọ̀ wá wò ó. Kí ni mo ṣe? Nígbà tí Bàbá lọ kó àwọ̀n, mo fa àwọn igi náà tu, mo fi eyín ara mi já ìwọ̀nba ewé tó ṣì tutù lórí wọn, iyọ̀ kún ẹnu mi. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo ní ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ Bàbá nìkan ló sì ń jẹ̀ lápá ibẹ̀.

Bàbá ò jiyàn. Wọ́n pa ewúrẹ́ náà, wọ́n gbé itan ẹ̀ wá fún mi: "Ọmọ mi, má bínú, ẹran mi ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi... irú èèyàn wo ni mo jẹ́?

Ní báyìí, ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sínú report mi pé Bàbá ò ṣọ́ igi dáadáa, kí wọ́n lè fi ẹlòmíì rọ́pò wọn níparí oṣù. Tí n bá sọ òótọ́, wọn ò ní buwọ́ lu ìwé IT mi, mi ò sì ní lè jáde, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti ń sọ káàkiri àdúgbò pé ọmọ òun ń jáde lọ́dún yìí. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Láàárọ̀ yìí ni mo jí bá Bàbá nínú ẹrẹ̀ dé itan, wọ́n ń bá mi tún ìpín mi gbìn, kí ọ̀gá má baà fìyà jẹ mí. Wọ́n á ti rí àwọn ihò tí mo gbẹ́ sí òkè, pé mi ò wọnú ẹrẹ̀ rárá. Wọ́n kàn ní kí n lọ jẹun kó tó tutù. Ṣé wọ́n ti mọ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn?