Ihò Tó Wà Nínú Pósítà Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kàn kúnlẹ̀. Mo ti gbé pósítà yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fírémù. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi fà á, ẹ má bínú. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gbé páìpù tí ẹ ká a sí kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣe ni mo máa ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ yín ru garawa sítáàṣì kiri Òṣòdì, tí ẹ ń lẹ pósítà fíìmù mọ́ ògiri láti Bọ́ládé dé etí rélùwéè, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fi pamọ́ fún ara yín, nítorí pé ẹ wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù yẹn, ẹni tó yẹ kó gbé agboorùn lé ọba lórí kò wá, ni wọ́n bá wọ ẹ̀yin alẹ́pósítà láṣọ ẹ̀ṣọ́. Bí àlejò bá dé sílé wa, ẹ ó tú u sórí ẹní, ẹ ó sì fi bàtà tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ọba ibẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú yín; ẹni tó gbé agboorùn ni kí wọ́n wò.

Mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà tí ẹ bá rí pósítà tí etí rẹ̀ ti ṣí. Ì báà jẹ́ ti olóṣèlú tí ẹ kò fẹ́ rí sójú, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó tó di pé a kọjá. Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Èmi náà ti ń ṣe é báyìí.

Nígbà tí àìsàn yín le, ẹ ní tí ẹ bá ti lọ, kí n fi pósítà náà sínú fírémù, kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀, kí n má sì jẹ́ kí àlùmọ́gàjí kàn án. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ kẹta tí a sin yín, àwọn ẹbí láti Ìwó ní dandan ni kí pósítà àdúrà ọjọ́ kẹjọ wà. Fọ́tò wo la ní? Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà yín, ẹ ó ti fọwọ́ bojú. Nínú èyí tó wà lára káàdì ìdìbò yín, ẹ jọ ẹni tí wọ́n mú fún ohun tí kò jí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun kò ní lẹ ìyẹn mọ́ ògiri. Ni mo bá gbé pósítà yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Bọ́ládé. Atẹ̀wé náà fi fóònù yà á, kò hàn dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sínú kọ̀ǹpútà sì kéré, pósítà tóbi, bí a bá sì ṣẹ́ ẹ po, yóò ya. Ó ní kí a gé orí yín nìkan. Kò fipá mú mi o, Bàbá. Èmi ni mo gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mo rò pé ọwọ́ tèmi yóò rọra ju tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà lọ gba orí tí mo gé lẹ́yìn àdúrà, wọ́n ti gbálẹ̀. Mo tú àpò ìdọ̀tí wọn wò lójú gbogbo èrò, mi ò rí yín.

Bàbá tó bá mi ṣe fírémù náà, ní Ìsọlọ̀ níbí, mọ iṣẹ́. Kò lẹ pósítà mọ́ pákó. Etí òkè nìkan ló fi sítáàṣì díẹ̀ sí, kí aáyán má baà rí oúnjẹ, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pósítà àti gíláàsì kí ooru má baà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ihò yẹn ló kọ ọ́ lóminú. Mo mú pósítà àdúrà wá, pé bóyá orí ibẹ̀ á bá a mu. Ẹ rántí pé ẹ kò rí i. Àwọn atẹ̀wé ti fi kọ̀ǹpútà wọ̀ yín ní agbádá tí ẹ kò dá rí, wọ́n sì ti bó yín lójú títí ẹ fi pupa. Ìyẹn nìkan ló sì kù nínú kọ̀ǹpútà wọn. Nígbà tó fi orí náà síbẹ̀, ẹ di àlejò lábẹ́ agboorùn tí ẹ̀yin fúnra yín gbé. Mo ní kó yọ ọ́. Ó fi páálí funfun sẹ́yìn ihò náà, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sùlíyà tí a jọ ń gbé ilé wọlé wá yá ọlọ, ló bá dúró tì í.

“Àǹtí, kí lẹni yìí fi ṣe yín tó le tó báyìí?”

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a bá gé kúrò nínú fọ́tò, ìjà la bá a jà. Àbúrò yín obìnrin gé ọkọ rẹ̀ kúrò nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ó ku ọwọ́ ọkùnrin náà léjìká rẹ̀. Mo kàn ń fi etí ìró mi nu gíláàsì náà. Ó rọra kúrò níbẹ̀, ó gbàgbé ọlọ tó wá yá. Ó dájú pé ó rò pé ọ̀ràn náà burú.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò máa rò bẹ́ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe rò ó? Ṣé ìdí nìyí tí mi ò fi lá àlá yín láti ọdún mẹ́rin?

Bàbá mi, ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kò sí ìjà láàárín wa.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kò ṣẹ̀ rí.