Onílàjà: Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta Tó Lọ Kàwé Lókè Òkun

Ẹ̀yin èèyàn tí ẹ wá bá ẹbí kẹ́dùn, ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ kú àfẹ́kù ẹni rere. Ẹnu ṣì ń wúwo láti pè é ní olóògbé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1980 ni a bí i, ní abúlé kan lẹ́bàá ẹnubodè. Bàbá rẹ̀, tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ, jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù. Ìyá rẹ̀, tó jókòó láàárín yín lónìí, jẹ́ agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí fún àwọn aláboyún ìhà méjèèjì ẹnubodè náà. Òun ni ọmọ kejì nínú márùn-ún. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Onílàjà, torí bí ọmọ méjì bá ń jà, àárín wọn ni yóò kó sí, yóò gba ìgbájú tirẹ̀ kí ó tó là wọ́n.

Ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1997, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ní ọdún 2003. Ní ọdún 2005 ó gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà. Ọdún méjìdínlógún gbáko ló fi jókòó nídìí fèrèsé kẹta, tó ń lu òǹtẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò, òun fúnra rẹ̀ kò sì wọ ọkọ̀ òfúrufú rí. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará àdúgbò a tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó lè bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé. Èyí tó bá sùn nínú wọn, kì í jí i. Ó ní oorun náà, Ọlọ́run ló ń fúnni.

Ọdún 2007 ló fẹ́ káfíńtà, ọkọ rẹ̀ àtàtà. Ọlọ́run fi obìnrin méjì àti ọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé béèrè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ gba oyè kejì lókè òkun, nínú ìmọ̀ nípa àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní rárá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ní ọdún 2023, wọ́n ní kó máa bọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ fárí gá. Ó béèrè ẹni tí yóò máa wo àwọn ọmọ, ó ní ta ló ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Káfíńtà gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màámi, èmi bàbá wọn wà ńlé. Ẹ jẹ́ ó lọ."

Ó lọ. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún un ní àjà kẹta, ibùsùn kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ibùdókọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tó ọmọ tó lè bí, Àǹtí ni wọ́n ń pè é. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, bínú débi pé oṣù mẹ́rin ni kò fi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Onílàjà kò bẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè ló fi rán bàbá rẹ̀ sí i: bí àwọn méjì bá ń jà sí bẹ́ǹṣì kan, ta ló yẹ kó jókòó? Ọmọ náà gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ṣé wọn ò lè sún fún ara wọn ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tó dá lórí abúlé méjì tí ẹnubodè là láàárín tí wọ́n jọ ń lo ilé ìgbẹ̀bí kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní kó yan nǹkan mìíràn, pé kò sí ìwé lórí èyí. Ó dá a lóhùn pé ìwé náà wà, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, nílé ló sì ń gbé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pe ìyá rẹ̀, tí ìyá ń sọ, tó ń kọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó dáhùn ìbéèrè níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, ó yege. Ó pe ilé. Gbogbo ilé gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí òun wálé.

Ní Sátidé, káfíńtà ń kun ògiri yàrá wọn nígbà tí fóònù dún. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí ti Onílàjà ló pè. Káfíńtà rò pé ẹni náà ṣi nọ́ńbà pè, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni náà tún orúkọ sọ. Níbi tí Onílàjà ti ń di ẹrù ló ti ṣubú, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní iṣan kan ló bẹ́ lórí rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Káfíńtà jókòó sílẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Títí di òní, apá kan ògiri náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ láìkùn.

Ó gbẹ̀yìn sílẹ̀: ìyá tó bí i, ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n kan, àbúrò mẹ́ta, àti ìyá ọkọ tí kò tíì jẹun tán nínú àwo láti ọjọ́ náà. Kò dúró rí ọmọ-ọmọ.

Àpótí ẹrù rẹ̀ dé ṣáájú òkú rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ sára ẹrù olúkúlùkù. Bàtà aláwọ̀ ewé ni ti àbíkẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ kò fojú rí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí.

Sùn re, Onílàjà. Kí Ẹlẹ́dàá tó fún ọmọdé lóorun fún ọ ní ìsinmi, kó má sì fi àwọn tó o fi sílẹ̀ sílẹ̀.