Ògiri Tí A Fà Sẹ́yìn

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tó ń hu eyín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni ní ìdùbúlẹ̀. Àwa náà wà dáadáa. Fọkàn balẹ̀ kí o tó kà á síwájú: yàrá ìránṣọ mi ṣì wà, inú rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé yìí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ láti ọjọ́ yìí ni pé àwọn káńsù fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ọgbà wa. Wọ́n ní ó ti wọ ilẹ̀ ìlú, pé ara ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá ni. O mọ̀ pé yàrá ìránṣọ mi kò jìnnà sí ògiri yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ilẹ̀ ìlú parí sí. Àyà mi já. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ tọ́ gbogbo yín. Bí wọ́n bá wó o, níbo ni n óò gbé ẹ̀rọ mi sí?

Bàbá yín gbaná jẹ. “Kí wọ́n wá wó èmi náà mọ́ ọn!” Bàbá yín ní Káfíńtà ló lọ fẹjọ́ wa sùn ní káńsù. Ṣé o rántí Káfíńtà, ọ̀rẹ́ bàbá yín àtijọ́ tó máa ń wá gẹrun lọ́dọ̀ wọn? Láti ìgbà tí dókítà ti gé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ Káfíńtà, wọn ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Bàbá yín ní ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ òun á wá òun wá, ni wọ́n bá jókòó sílé tí wọ́n ń bínú.

Nígbà tí awọnlẹ̀ káńsù dé, obìnrin ni, kò ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bàbá yín kẹ̀yìn sí i. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá òkúta ààlà tí káńsù rì síbí. Ohun tó bá wà nínú ààlà, tiyín ni. Èyí tó bá yọ sí ọ̀nà, tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fà á sẹ́yìn, ẹjọ́ ti tán nìyẹn.”

A wá òkúta títí, àṣé abẹ́ àgbá omi mi ló wà, nínú ọgbà wa níhìn-ín! Wọ́n ta okùn láti ara rẹ̀ lọ sí ara èkejì tó wà lórígun. Okùn náà gba ẹ̀yìn yàrá mi kọjá, ó kù díẹ̀ kó kàn án, ṣùgbọ́n kò kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Ògiri nìkan ló jẹ̀bi.

Obìnrin náà wá bi wá pé kí ló wà níbẹ̀ kí a tó mọ ògiri. Mo ní igi ọgbà ni. Ó ní ta ló ń gé e. Mo wo bàbá yín. Ọmọ mi, onígbàjámọ̀ tí kì í gé irun iwájú orí kó gbàgbé ti ìpàkọ́, inú ilé nìkan ló ti ń gé igi náà! Apá ọ̀nà ń hù lọ bó ṣe wù ú, nígbà tí a sì fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀, etí ìta yẹn la tẹ̀ lé. Ẹ̀rín pa wá. Bàbá yín fẹ́ le ojú, kò ṣeé ṣe. Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó fẹjọ́ wa sùn, gbogbo ọ̀nà àdúgbò ni àwọn ń yẹ̀ wò.

Bírikìlà ti mọ ògiri tuntun sórí ààlà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó parí, mo gbọ́ ìró táyà lójú ọ̀nà. Káfíńtà ni, lórí àga onítáyà wọn. Wọ́n ké sí bàbá yín: “Onígbàjámọ̀, wo orí mi bó ṣe rí! Mo ti wá títí, àga mi ò gba àárín ògiri yín àti gọ́tà kọjá, mo bá ń yí padà.”

Bàbá yín wọlé lọ mú sísọ́ọ̀sì. Wọ́n gé irun orí ọ̀rẹ́ wọn níwájú, wọ́n yí po, wọ́n gé e lẹ́yìn.

Ọlọ́run á fún ilé rẹ ní ààyè, kò ní há mọ́ yín. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó sì rí ẹni bá yín dàgbà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Mo fẹ́ gbàgbé: bàbá yín ní àwọn fẹ́ gbin òdòdó sí ẹsẹ̀ ògiri tuntun. Mo ní kò burú, apá inú ni kí wọ́n gbìn ín sí.