Wọ́n Ní Kí N Dá Iye Lé Sàréè Yín

Bàbá mi, aránfìlà Ọjà'ba,

Kí Ọlọ́run Ọba máa kẹ́ yín níbi tí ẹ wà. Ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ni mo jókòó sí báyìí, nínú yàrá tí a sin yín sí, lórí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé bí ẹ bá ń rán fìlà. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, gbogbo ilé ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni mo fi ráyè kọ ìwé yìí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún nínú agboolé yìí, torí àwọn gan-an ni ẹ̀rù wọn ń bà mí.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wọ yunifásítì, tí ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo làwọn tó kọ́ ètò ọrọ̀ ajé máa ń ṣe? Abẹ́rẹ́ wà létí fìlà yín bí ìṣe yín, ẹ ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá ń wá a káàkiri ilẹ̀. Mo rí i, mi ò tètè sọ, torí èmi náà ń wá ohun tí mo máa fi dáhùn. Mọ́gàjí, olórí ilé wa, ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní ajé ni ajé ń jẹ́, pé bí mo bá jáde, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá sí Gbági, màá ta gbogbo àwọn aláṣọ ibẹ̀ yọ. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò ṣe é, ẹ kàn ń wò mí. Kí lẹ rí lójú mi lọ́jọ́ náà?

Mo gboyè náà, Bàbá, ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ lọ. Inú mi dùn, mo tún sunkún. Àwọn tí a jọ kàwé ti fọ́n ká. Ọ̀kan wà ní báǹkì l'Ékòó, ó ń wọ táì lójoojúmọ́. Ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Òmíràn lọ bá àwọn tó ń ra kòkó. Èmi yan iṣẹ́ ìjọba, mo rò pé ibẹ̀ lọkàn mi ti máa balẹ̀ jù.

Ọ́fíìsì tó ń ṣètò títì ni wọ́n fi mí sí. Ìjọba ní nígbà tí a ti gba òmìnira, ìlú gbọ́dọ̀ lajú, wọ́n wá fẹ́ la títì gbòòrò láti Bẹẹrẹ gba Ìsàlẹ̀ Òsì. Ọ̀nà méjì ló ṣeé gbà. Ọ̀kan gba orí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, owó gọbọi ni wọ́n máa san kí wọ́n tó lè wó wọn. Èkejì gba àwọn agboolé alámọ̀, títí kan tiwa, ìyẹn ò sì lè ná wọn tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni ọ̀gá mi gbé e fún pé kí n ṣírò èyí tó máa dín ìnáwó kù. Kò mọ̀ pé ilé wa wà níbẹ̀. Mo ṣírò, mo tún un ṣe, ibì kan náà ló ń já sí: orí yàrá yìí.

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún Mọ́gàjí pé ọ́fíìsì yẹn ni mo wà. Bàbá, ẹ ò rí ayọ̀ wọn. Wọ́n ti rìn kárí àdúgbò pé kí ẹnikẹ́ni má mikàn, pé ọmọ ilé wa ló mú gègé lọ́wọ́, títì kankan ò lè ya ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Ràímì, ọ̀rẹ́ yín nílé kejì, tí wọ́n ti ń kó ẹrù díẹ̀díẹ̀, ti kó o padà. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á dìde kí mi. Irú kí ni kí àgbà máa dìde kí èmi?

Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi pé bàbá mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, pé kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní:

“Ilé wo ni kò sí bàbá ẹnìkan nílẹ̀ rẹ̀? Lọ dá iye lé sàréè kọ̀ọ̀kan, ìjọba á san án. Èyí tí o ò bá kọ iye sí, wọn ò ní kà á sí nǹkan kan.”

Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe há mi? Bí mo bá fi àyè yín sílẹ̀ lófo, katakata á gorí yín kọjá bí ẹni pé ẹ ò wáyé rí. Bí mo bá kọ iye ńlá, ọ̀gá á mọ̀ pé ojúsàájú ni, á pa á rẹ́, á gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ yín. Bí mo bá wá kọ kékeré, ọwọ́ wo ni màá fi kọ ọ́? Wọ́n kọ́ wa nídìí tí nǹkan fi ń wọ́n àti ìdí tó fi ń pọ̀. Wọn ò kọ́ wa ní èyí.

Mo wá lọ bá Màmá. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, kò sóhun tí wọn kì í dá iye lé. Aṣọ tó ṣì wà lára onítọ̀hún, wọ́n á ti mọ èló ló rà á, wọ́n á tún sọ èló ló yẹ kó rà á. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní èló ni kí n kọ. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ tó wà láàárín sàréè yín àti ògiri, níbi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ.

“Ibi tó ṣẹ́kù fún èmi yìí ńkọ́? Ṣé o ti ṣírò ìyẹn mọ́ ọn?”

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù iṣẹ́ yìí ló ń bà mí. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, ṣé ẹ̀rù iṣẹ́ yín bà yín rí? Kí lẹ máa ń ṣe bó bá bà yín?

Ọ̀la ni mò ń gbé iṣẹ́ náà lọ. Mọ́gàjí ò tíì mọ̀ pé orí ilé wa ni títì máa gbà. Bàbá Ràímì ò mọ̀. Bóyá wọ́n á ṣépè fún mi, bóyá wọ́n á kàn máa wò mí, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Mo ti kọ iye tiyín. Mo kọ ti Màmá mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé èló ni.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àyà rẹ̀ ń já.